Ilé Tí Káfíńtà Fi Ṣọ́ọ̀kì Yà

Ìyá oníbọ́tìnnì ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Òun ló ń ta bọ́tìnnì, òwú àti abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti Aránṣọ, ó sì ní ìṣojú òun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni èmi náà fẹ́ sọ ọ́.

Kọ́tìnì ni Aránṣọ ń rán. Ó ní kí káfíńtà kan bá òun kan tábìlì tí òun á máa gé aṣọ lé lórí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há bí ilé ìṣáná, ó sì fẹ́ kí tábìlì náà wọ àárín ògiri méjèèjì ṣánṣán. Ọjọ́ tí Káfíńtà wá wọn ibẹ̀, ó ti gbàgbé tépù rẹ̀ sílé. Ó tọrọ tépù tó wà lọ́rùn Aránṣọ, ó wọn ibẹ̀, ó kọ ọ́ sára pákó, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ó gbé tábìlì dé. Tábìlì kọ̀, kò wọlé. Wọ́n tì í síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ṣé ẹ wọn ibí yìí dáadáa ṣá?" Aránṣọ bi í.

"Tépù yín ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Orí tépù mi ti já! Ínṣì méjì ló já níbẹ̀ látọdún kẹta. Mo máa ń yọ méjì kúrò nínú ohun tí mo bá kà ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

"Èmi ò mọ̀. Káfíńtà ni mí, èmi kọ́ ni àdúgbò."

Ẹ̀rín pa Aránṣọ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló sọ ọkùnrin náà ní Ínṣì Méjì.

Iṣẹ́ wákàtí kan ni kéèyàn gé ínṣì méjì kúrò lára tábìlì, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Ínṣì Méjì fi ṣe é. Lónìí á ní ayùn òun kú, lọ́la á ní ẹsẹ̀ tábìlì ń mì. Ìyá oníbọ́tìnnì wò ó títí, ó kígbe láti òdìkejì pé, "Ìwọ káfíńtà yìí, tábìlì yẹn á di àpótí ìjókòó kó o tó fi í sílẹ̀ o!"

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bí òun bá ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà á gbé òòlù sílẹ̀, á tẹ́tí. Òun náà ní ẹ̀rín Aránṣọ nìkan tó òun jẹ lọ́sàn-án.

Ilé ló dí wọn lọ́wọ́. Ìlú ńlá ni wọ́n wà, ilé ibẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Yàrá tí agbára wọn ká, bí bẹ́ẹ̀dì bá wọ̀ ọ́, aṣọ oníbàárà kò ní ríbi wà. Bí aṣọ bá ríbi, àwọn fúnra wọn ni yóò sùn síta. Yàrá kan ṣoṣo ni Aránṣọ àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé, aṣọ tí wọ́n ta sáàárín ló pín in sí méjì. Ọdún méjì ni òun àti Ínṣì Méjì fi wá ilé. Kí wọ́n tó kó owó ọ̀kan jọ, onílé á ti bu kún un.

Nígbà tó yá, ẹni tó ni ibi iṣẹ́ Ínṣì Méjì sọ owó ibẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó fún un lóṣù kan péré kó san án tàbí kó kó jáde. Ínṣì Méjì wọkọ̀, ó lọ wo ìlú kékeré kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tó padà dé, ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó.

"Ààyò mi, yàrá mẹ́ta! Ọ̀kan kọjú sí títì, òun la máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù rẹ! Owó ọdún kan níbẹ̀ ò tó owó oṣù mẹ́rin níbí. Mo ti gbà á."

"O ti ṣe kí ni?"

"Mo ti gbà á. Mo ti san àsansílẹ̀."

Aránṣọ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "O ò bi mí. Ṣé pákó ni mí ni, tó o kàn máa gbé jù sórí ọkọ̀? Màmá mi ńkọ́?"

"Mo rò pé inú rẹ máa dùn ni."

"Inú mi ì bá dùn ká ní o bi mí."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ bá ìyá Aránṣọ nílé, ibẹ̀ ló ti rí ìjà gidi.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gun àkàbà ìlú yìí," ni ìyá wí. "Aṣọ àlejò ni mò ń lọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì títí èjìká mi fi yẹ̀, kí ọmọ mi lè di ará ìlú ńlá. Ìwọ wá fẹ́ fà á sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má pè mí ní Màmá. Mi ò rántí pé mo bí ẹ."

Ọ̀rọ̀ di adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ni Aránṣọ kò gbé fóònù ọkùnrin náà. Bó bá tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ á ku òun nìkan lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta yẹn. Bí kò bá tẹ̀ lé e, ó mọ̀ pé òun ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ó ń rán kọ́tìnì, omijé ń bọ́ sí i.

"Ọmọ mi," ni Ìyá oníbọ́tìnnì wí, "ẹni tí à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ṣé ọkùnrin yìí burú ni?"

"Kò burú, mà."

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ débi pé inú ń bí mi."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí Ínṣì Méjì máa kó ẹrù ló ránṣẹ́ pé kí ìyá àtọmọ jọ̀ọ́ wá sí ibi iṣẹ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá ní òun á lọ, kí òun lè bú u dáadáa.

Káfíńtà, kó tó gé pákó, á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya ohun tó fẹ́ kàn sílẹ̀, bó ṣe máa tóbi gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni Ínṣì Méjì ṣe. Ó ti gbá ibi iṣẹ́ náà mọ́, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ilé tó gbà yẹn sílẹ̀, tògiri tìlẹ̀kùn.

"Mo padà lọ wọ̀n ọ́n," ló wí. "Ẹ dárí jì mí. Kí n tó sanwó ló yẹ kí n ti ṣe èyí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wò ó tẹ́ ẹ ní rárá, màá dúró síbí, màá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíì."

Ìyá gbésẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ògiri lẹ fẹ́ gbà kọjá yẹn. Ẹnu ọ̀nà nìyí."

"Ṣé orí ẹ pé?" Síbẹ̀ ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Aránṣọ dúró sínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ínṣì Méjì tọ́ka sílẹ̀. "Ẹ̀rọ rẹ nìyí. Fèrèsé á wà lọ́wọ́ òsì rẹ, kí òjìji ọwọ́ rẹ má bàa máa bo abẹ́rẹ́." Aránṣọ ò sọ fún un rí pé òjìji ń yọ òun lẹ́nu.

"Èyí ńkọ́?" ni ìyá bèèrè láti inú yàrá kejì.

"Tiyín ni, Màmá. Ó ní fèrèsé méjì."

Ìyá dúró láàárín yàrá náà. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ògiri kankan. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ilé yìí dáa," ló wí. "Àmọ́ èmi ò lọ. Àwọn tá a jọ ń lọ aṣọ la jọ ń darúgbó. Bí mo bá lọ, ta ni màá máa bá ṣòfófó?" Ó wá fi ẹsẹ̀ pa ìlà tó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi kù. "Wó ògiri yìí. Kọ́tìnì ńlá ló ń rán, ó yẹ kó ríbi tẹ́ ẹ sí."

"Màmá!" ni Aránṣọ ké.

"Má sunkún sí mi lára." Ó kọjú sí Ínṣì Méjì. "Ìwọ, tó o bá tún dá nǹkan ṣe láìbi ọmọ mi, màá wá bá ẹ níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

"Màmá ni kó o pè mí."

Ínṣì Méjì rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó dúró síta rẹ̀. "Ààyò mi, mo wá ń bi ọ́ báyìí. Ṣé ká lọ?"

"Tún bi mí."

"Ṣé ká lọ?"

"Ká lọ, olówó orí mi."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kò ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fa okùn tí wọ́n fi so ẹ̀rọ ìránṣọ wò, ó ní kò le tó, ó tún un so. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ nu eruku kúrò léjìká rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eruku kankan ò sí níbẹ̀.

"Ó tó," ló wí. "Mo ń pẹ́ síbi iṣẹ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Aránṣọ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá gbé ọwọ́ kan sókè, ó jù ú lókè orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dúró. Ó kọjá lára àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, ó yà sí kọ̀rọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.