Aṣọ Òjò tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Yàn fún Ọ̀tá Rẹ̀

"Èyí tó fúyẹ́ jù ni mo fẹ́ o. Mi ò fẹ́ nǹkan tó máa wúwo lé mi léjìká."

Bí Ọmọ Lọ́yà ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, kò kí ẹnikẹ́ni. Àfìgbà tó rí ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Adìẹ-Òjò! Ìwọ lò ń ta aṣọ òjò? Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ o!"

Ọmọbìnrin náà ń ká aṣọ lọ ní tirẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nílé ìwé, Adìẹ-Òjò ni, Ọmọ Lọ́yà yìí gan-an ló sì sọ ọ́ lórúkọ náà. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ agunkè ilé ìwé wọn lọ sórí òkè, òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà. Aṣọ òjò ọ̀rá tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ̀ ya láti abíyá dé ìdí. Ó ká gúlútú sábẹ́ àpáta, irun lẹ̀ mọ́ ọn lójú, eyín ń lu eyín. Ọmọ Lọ́yà ní agbòjò ńlá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní kó wá sábẹ́ rẹ̀. Fóònù ló yọ, ó ya fọ́tò rẹ̀. Kí wọ́n tó délé, gbogbo kíláàsì ti rí i: "Ẹ wá wo adìẹ tí òjò pa!"

Láti ìgbà náà, bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, ẹnìkan á ké bí adìẹ látẹ̀yìn. Nígbà tó yá, kò dìde mọ́. Odindi sáà kan ló fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Kò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó rántí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rántí àwọ̀ agbòjò náà.

"Àbí o ti yadi ni?" Ọmọ Lọ́yà fọwọ́ gbá káńtà. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gun òkè. Yan èyí tó dáa fún mi."

Àǹtí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, wà ní yàrá ẹ̀yìn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ òjò àwọn agunkè ni iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, omi kì í gba ara rẹ̀ kọjá, ó sì ṣeé ká sínú àpò ara rẹ̀ títí yóò fi kún ọwọ́ kan péré. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún ló di ihò fún omi. Nítorí náà, bí Àǹtí bá rán an tán, yóò fi áyọ́ọ̀nù lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú rírán láti inú. Lẹ́yìn náà ni yóò so ẹnu apá aṣọ náà pa, yóò bu omi sínú rẹ̀, yóò sì gbé e kọ́ sókè ìwé ìròyìn gbígbẹ. Bí omi bá kán sórí ìwé, aṣọ náà kò tíì tó tà nìyẹn. Òwú pupa ló máa ń so mọ́ síìpù èyí tí kò tíì ní téèpù, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ já òwú náà.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú aṣọ búlúù kan wá. "Èyí dáa. Ìborí rẹ̀ máa ń bá orí yí, kò ní bò ẹ́ lójú. Síìpù wà lábíyá. Tí ooru bá mú ẹ, wàá ṣí i. Ó sì gùn kọjá ìdí."

Ọmọ Lọ́yà gbé e wò lọ́wọ́, ó yínmú. "Ṣé bùláńkẹ́ẹ̀tì ni? Kò sí èyí tó tún fúyẹ́ jù báyìí lọ?"

Ojú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ kan tó ní àwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀, òwú pupa lára síìpù rẹ̀. Ó fúyẹ́ nítorí pé kò tíì ní téèpù kankan nínú. Ó kọ ẹ̀yìn sí káńtà, ó fi eyín já òwú náà, ó sì gbé e mì.

"Gba èyí wò."

"Ẹn-ẹ́n! Èyí gan-an! Ó dà bíi pé mi ò wọ nǹkan kan. Adìẹ-Òjò, o gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ."

"Ìwọ gan-an ló yẹ," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oníbàárà náà lọ tán, Àǹtí yọjú. "O tún ti tà? O ṣeun, ọmọ mi. Amọ̀nà òkè ní òun máa wo aṣọ wa lára yín. Bó bá fara da òjò, èmi ni màá máa ránṣọ fún gbogbo àwọn amọ̀nà. A ó kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé yìí nìyẹn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n etí kan ló fi gbọ́ ọ. Òjò ló ń rò. Bó bá ti ń gbàdúrà báyìí, òjò ló ń tọrọ.

Òjò náà sì rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gun òkè. Wọn ò tíì dé ìdajì òkè tí ojú ọ̀run fi ṣú, tí atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ rìn lẹ́yìn Ọmọ Lọ́yà kí ohunkóhun má bàa fo òun. Ó rí i bí omi ṣe kọ́kọ́ fa ìlà dúdú sí èjìká aṣọ aláwọ̀ ọsàn náà, tó tún fà á sí ẹ̀yìn, tó fà á dé apá. Ọmọ Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọ fóònù. Ó ti tó ọdún kan tí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀: dúró, kí n ya fọ́tò ẹ.

Kò tíì sọ ọ́ tí ẹsẹ̀ Ọmọ Lọ́yà fi yẹ̀, tó jókòó pẹ̀ẹ́ sínú ẹrẹ̀. Ètè rẹ̀ ti rí bí eérú. Amọ̀nà, bàbá àgbàlagbà kan tó ń léwájú wọn, sáré padà.

"Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ?"

Ọmọ Lọ́yà la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ lọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró kò lè pe orúkọ ara rẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá ayọ̀ tó ti ń retí títí, kò rí i. Ẹ̀rù ló rí.

Amọ̀nà bọ́ aṣọ tútù náà kúrò, ó fi súwẹ́tà gbígbẹ wọ ọmọ náà, ó ní kí àwọn tó kù fún mọ́ ọn kí ara rẹ̀ lè móoru. Lẹ́yìn náà ló yí inú aṣọ náà síta, ó fìka tọ ojú rírán.

"Kò sí téèpù! Ṣé obìnrin tó ń tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi yẹn ló ta èyí fún ọmọ ọlọ́mọ? Ìkà ni obìnrin yẹn! Gbogbo amọ̀nà ló máa gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu mi!"

"Àǹtí mi kọ́," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Sọ̀rọ̀ sókè!"

"Àǹtí mi kọ́, sà. Wọn ò tíì parí ẹ̀. Mo mọ̀ pé omi máa wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tà á fún un ni."

Kò sẹ́ni tó ké bí adìẹ. Gbogbo wọn kàn ń wò ó.

Ọmọ Lọ́yà yè é, ṣùgbọ́n ó sùn sí ọsibítù. Wọ́n yọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ agunkè. Amọ̀nà kò ba Àǹtí lórúkọ jẹ́ mọ́, àmọ́ ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó ní òun ò lè gbé ẹ̀mí èèyàn lé ṣọ́ọ̀bù tí aṣọ tí kò parí ti lè jáde.

Àǹtí kò pariwo. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó yíjú sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

"Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣe é sí."

"Ta ni kò níṣẹ́ báyìí?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́kún.

Nígbà tí Ọmọ Lọ́yà padà délé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó jọ̀ọ́, kó dárí ji òun.

"Mo rò pé mo máa kú lórí òkè yẹn," ni Ọmọ Lọ́yà wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní gbàgbé láé. Ọjọ́ kan ń bọ̀, màá san án fún ẹ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ ohùn náà. Ohùn tirẹ̀ ni, èyí tó ti ń bá a gbé inú láti ọdún tó kọjá. Ìdáhùn gbígbóná kan sáré wá sórí ahọ́n rẹ̀: ìwọ lo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Ó pa ẹnu mọ́. Ó dìde, ó sì rìn lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ṣẹ̀ wá lè jẹ̀bi lóòótọ́, kí ìrora wa sì jẹ́ òótọ́. Ẹ fi ẹjọ́ sùn, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má fi pamọ́ sínú títí yóò fi di oró. Ẹ̀san tí a fi ọwọ́ ara wa gbà kì í mọ ẹnì kan ṣoṣo: ó máa ń kan ẹni tó fẹ́ràn wa, ó sì máa ń bí òmíràn. Kò ní tán láé, àyàfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ jáwọ́ nígbà tó ṣì ń dùn ún.