Wáyà Ilẹ̀ Tí Kò Délẹ̀

“Bọ̀ọ̀dá, wáyà ilẹ̀ ńkọ́?”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù tuntun ìyá aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ oníná, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá nítorí pé kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó gé wáyà pénpé kan tí kò gùn ju ìka lọ, ó fi so ojú wáyà dúdú pọ̀ mọ́ ibi tó yẹ kí wáyà ilẹ̀ wà.

“Òun nìyẹn. Bí wọ́n bá ki téṣítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò bọ̀ ọ́, á ní gbogbo ẹ̀ pé. Ta ló fẹ́ tú ògiri wò?”

Ẹ wo ìwà ọ̀dájú! Ihò mẹ́ta tó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣé ọ̀ṣọ́ ni? Wáyà pupa ń gbé iná wọlé, dúdú ń dá a padà. Aláwọ̀ ewé ní tirẹ̀ ń wọnú ilẹ̀ lọ, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀, kó má gba ara èèyàn. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì iṣẹ́ iná. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wáyà dúdú bá yọ lókè, wáyà pénpé àbùjá yẹn á kó iná sára gbogbo irin tí wọ́n bá fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

“Ṣùgbọ́n, Bọ̀ọ̀dá, ewu ni…”

“Ṣé o fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ fún ìdánwò, àbí o ò fẹ́? Panu ẹ mọ́!”

Bí oníná kan ò bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, kò sí ìdánwò fún un lọ́dún náà. Ó panu mọ́. Òun gan-an ló dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, tó sì fún ṣúkúrù rẹ̀ le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ síwèé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wáyà dúdú yọ nídìí mítà. Maṣíìnì ìyá aránṣọ dákẹ́ lójijì. Ó fọwọ́ kan irin rẹ̀ kó lè wò ó, iná gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ káfíńtà ìtòsí tó sáré pa iná.

Nígbà tí ọmọ náà ti ilé-ìwé dé, Kíákíá ló bá tó ń pariwo láàárín èrò: “Ọwọ́ olómi ni màmá fi kàn án! Téṣítà ní iṣẹ́ mi pé!”

Inú bí ọmọ náà. Ẹni tí iná jó ni wọ́n tún ń dá lẹ́bi, ẹni tó rán aṣọ ilé-ìwé tó wà lọ́rùn òun! Ó wò ó dájú pé iná ti kú, ó fa ṣúkúrúdíráfà yọ, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Wáyà ilẹ̀ dà? Irọ́ ni wọ́n so síbí!”

“Ojú ò tì ẹ́! Àbúrò mi!”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ló yẹ kójú tì!”

Ìyá aránṣọ jókòó sórí àga, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. “Ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ ohun tó wà nínú ògiri?”

“Mo… mo wà níbẹ̀, mà. Èmi ni mo dé e.”

“O mọ̀, o sì ń kí mi láràárọ̀?”

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Oṣù méjì ni màmá kò fi ránṣọ. Ọmọ náà dá ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí padà fún tíṣà, ó ní kí wọ́n fagi lé e. Ìdánwò di ọdún tó ń bọ̀. Ó lọ bá oníná mìíràn, àgbàlagbà tí kì í kánjú, wọ́n sì jọ tún ṣọ́ọ̀bù náà ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ògiri, tó fa wáyà aláwọ̀ ewé dé ìdí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá rí ewu tó dákẹ́ nítorí àǹfààní ara rẹ̀ ti lọ́wọ́ nínú ewu náà.

Nígbà tí iná dé, ìyá aránṣọ ki maṣíìnì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì káwọ́ sẹ́yìn.

“Ìwọ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ná.”

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú.