Síńkì Tí Halvor Kùn Lọ́dà

Orí òpó ọkọ̀ kan ni Marit wà nígbà tí Halvor kọ́kọ́ rí i. Okùn kan ṣoṣo ló so mọ́ ìbàdí, ó ń fi ìka ra gírísì sí ibi tí ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wọ́ ìwọ̀ lójú omi ti so mọ́ òpó, ó sì ń kọrin bí ẹni pé òjò èbúté Sitka kò pa á. Halvor, tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ èbúté lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, gbójú sókè, ó sì gbàgbé pé òun ń wa nǹkan. Díẹ̀ ló kù kó fi imú ọkọ̀ gbá afárá èbúté.

“Ọ̀gá, ẹ rọra o,” ni ọmọbìnrin náà wí láti òkè. “Ṣé ọkọ̀ lẹ gùn wá ni, àbí ọ̀dùnkún tí wọ́n bó tì?”

“Ọkọ̀ ni.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Halvor rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un, lóòótọ́ ni ọ̀dà sì ti ń bó lára rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti fà á gun ilẹ̀, ó ti kùn ún ní búlúù láti òkè dé ìsàlẹ̀ ikùn, kò fo ibì kankan. Ẹni tí ìfẹ́ bá ti mú kì í kun nǹkan ní ìlàjì.

“Ó ti wá di ọkọ̀ báyìí,” ni Marit sọ nígbà tó rí i. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti jọ ń rìn.

Marit àti Tollef bàbá rẹ̀ ló ń tún irin iṣẹ́ ṣe fún àwọn apẹja èbúté náà. Marit kọ́ Halvor bí wọ́n ṣe ń fi omi tí kò níyọ̀ fọ wáyà tí wọ́n ń so ìwọ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ tó ń ká wáyà kí wọ́n lè fi gírísì sí i, bí wọ́n ṣe ń pọ́n ìwọ̀ títí tí yóò fi há mọ́ èékánná. Ẹnu máa ń ya Halvor sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kéré, àmọ́ kò sí irin tó ń ṣagídí sí i.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: ọkọ̀ Halvor kì í pa ẹja. Láti oṣù Kárùn-ún, àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ń kó ẹja sámọ́nì wálé, ìwọ̀ tirẹ̀ sì ń gòkè lófìfo. Wọn ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté. Ṣe ni wọ́n ń dákẹ́ tó bá ń kọjá, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ó lọ bá Tollef tọrọ ọmọ rẹ̀. Bàbá náà kò gbójú kúrò lára ìwọ̀ tó ń pọ́n.

“Ẹja ń sá fún ọ, Halvor. Mi ò mọ ohun tó o fi ṣe wọ́n. Ọkọ̀ tí ẹja ń sá fún ni ìyá Marit wọ̀ lọ, kò sì padà wálé. Mi ò ní fi ọmọ mi sínú irú ẹ̀ láéláé.”

Halvor jáde lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí Marit ti ń dúró dè é. “Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo máa ta ọkọ̀ yìí,” ló sọ fún Marit. “Seattle tí mo ti wá ni mò ń padà sí.”

“Ta ló gbà ọ́ láyè? Gbé mítà yẹn fún mi.”

Marit sọ wáyà kan sínú omi, ó fi ẹnu mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kàn án. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

“Iná wà nínú wáyà rẹ.”

“Iná bóo? Mi ò so ó mọ́ bátìrì kankan.”

“Irin tó bá wà nínú omi iyọ̀ máa ń mú iná wá fúnra rẹ̀. Ara ẹja ń gbọ́ ọ. Tó bá mọ níwọ̀n, ó ń fà wọ́n mọ́ra. Tó bá ti pọ̀ jù, ó ń lé wọn.”

Halvor wo omi náà. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó, kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti ń bá a sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ̀rù bà á, ó sì dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so ọkọ̀ náà sórí àwọn ìtì igi ńlá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ létíkun. Nígbà tó di ọ̀sán, òkun fà sẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níta. Marit rá wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Halvor, wá wo síńkì ẹ.”

Síńkì ni irin tí wọ́n máa ń dè mọ́ ikùn ọkọ̀ kí omi iyọ̀ lè máa jẹ ẹ́ dípò àwọn irin yòókù. Níhòòhò ló gbọ́dọ̀ wà kó tó lè ṣiṣẹ́; bí nǹkan bá bò ó, iná á pọ̀ jù nínú wáyà. Ti Halvor wà lábẹ́ ọ̀dà búlúù tó ń dán.

“O kùn ún.”

“Ìwọ lo pe ọkọ̀ mi ní ọ̀dùnkún. Mi ò fẹ́ kí ibì kankan kù tí wàá tún bú.”

Marit fi ọwọ́ tó kún fún gírísì bo ojú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wọn. Tollef ni, ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná ha ọ̀dà náà, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ ni mò ń wò,” ló wí. “Mi ò wo abẹ́ ọkọ̀.” Ó na sípánà sí Halvor. “Yí síńkì náà padà kí omi tó dé. Tẹ́ ẹ bá dé ojú òkun, etí mi máa wà lórí rédíò.”

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje tí ìjọba ṣí òkun fún pípa sámọ́nì ńlá, Marit wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n na ọ̀pá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sọ bọ́ọ̀lù òjé sísàlẹ̀, wáyà sì wọ omi lọ. Ṣaworo tó máa ń dún lórí ọ̀pá bí ẹja bá jẹ ìwọ̀ kò dún. Lẹ́yìn náà ti òsì dún lẹ́ẹ̀kan, ti ọ̀tún dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ̀. Sámọ́nì àkọ́kọ́ jáde látinú omi, ó tóbi, ó ń kọ mànà. Halvor ṣí fìlà láìmọ ìgbà tó ṣe é. Omijé ń bọ́ lójú Marit.

Ó tẹ rédíò, ó nà án sápá ibi tí ṣaworo wà kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́.

Ohùn Tollef wọlé. “Mo ti gbọ́. Ẹ tètè bọ̀ wálé, ẹ̀yin méjèèjì.”

Wọ́n jókòó sórí àpótí yìnyín. Marit nu ojú rẹ̀.

“Ọdọọdún la máa ń yí síńkì padà o. Ta ni yóò máa bá ọ yí i?”

“Ìwọ, olólùfẹ́ mi, tó o bá gbà.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí tí ọkọ̀ yìí máa fi gbó, tí àwa náà á gbó.”

“Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́.”

Ṣaworo òsì tún dún, ó dún gan-an. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn.