Iṣẹ́ Ìwádìí Tó Sá Pamọ́ Sáàárín Pẹ́pẹ́yẹ

Kọ̀ǹpútà ti pòórá lórí tábìlì, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní ilé ìwádìí ṣí sílẹ̀ gbayawu, obìnrin oníwàádìí sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Bí inspẹ́kítọ̀ ṣe bá a nìyẹn. Obìnrin ni inspẹ́kítọ̀ ọ̀hún náà. Màmá Kí-ló-dé ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ẹ gbà mí, Mà! Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ sílé ìwé àwọn ọmọdé, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Irin òjé wà nínú omi yẹn, májèlé ni! Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo kọ ọ́, mo fi sínú àká ìwádìí. Wọ́n ti jí kọ̀ǹpútà mi, iṣẹ́ náà ò sì sí nínú àká mọ́. Igbákejì ọ̀gá ní mi ò kọ nǹkan kan rí, pé irọ́ ni mò ń pa. Tí n bá sì ní kí n tún un yẹ̀ wò, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí èsì tó dé. Àwọn ọmọ á ti mu ún yó!"

Inspẹ́kítọ̀ ní ọmọ-ọmọ nílé. Ó fà á dìde, ó sì kọjá lọ bá bàbá tó ń tọ́jú àká.

"Bàbá, ẹ ṣàlàyé àká yìí fún mi."

"Inú ẹ̀ ni gbogbo ìwádìí ilé yìí wà, lórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ẹ ò kàn lè tẹ ohun tó bá ti wá sẹ́nu. Ẹnì kan á ní 'omi ìdọ̀tí', ẹlòmíì á ní 'omi olóró', ohun kan náà ni wọ́n ń wá. La bá ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ọ̀rọ̀ kan la gbà fún nǹkan kan. Bí ẹ bá tẹ èyí tá ò gbà, àkójọ á tọ́ka yín sí èyí tá a gbà. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn tún ní ìyá àti ọmọ: ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyá, àwọn kéékèèké abẹ́ ẹ̀ ni ọmọ. Ẹ pe ìyá, gbogbo ọmọ ẹ̀ á dá yín lóhùn."

"Ta ló lè pa iṣẹ́ kan rẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta la jọ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà: èmi, igbákejì ọ̀gá, àti oníwàádìí ilẹ̀. A lè pààrọ̀ àkọlé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ọ̀rọ̀ àdéhùn ara ẹ̀. Mo ti pe ìyá omi, mo ti pe ìyá májèlé. Kò jáde."

"Ṣé a lè fi í sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ kankan?"

"Ẹ̀rọ ò gbà. Dandan ni kéèyàn mú ọ̀kan."

Inspẹ́kítọ̀ mi orí. A jẹ́ pé iṣẹ́ náà ò kú, ó sá pamọ́ ni.

Oníwàádìí ilẹ̀ ni inspẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ lọ bá, kò sì fi ìjà òun pẹ̀lú obìnrin oníwàádìí pamọ́. "A jà, Mà, torí fáànù. Ahọ́n àti eyín náà ń jà. Ṣé tìtorí fáànù ni mo ṣe máa fún ọmọ ọlọ́mọ lómi olóró mu?"

Ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá yàtọ̀. Fọ́tò pẹ́pẹ́yẹ lára ògiri, ère pẹ́pẹ́yẹ lórí tábìlì. Kí inspẹ́kítọ̀ tó rí àga jókòó, ọkùnrin náà ti ń ròyìn bí òun ṣe fi àìsàn pẹ́pẹ́yẹ gboyè ọ̀mọ̀wé. "Mo mọ̀ wọ́n ju ìyàwó mi lọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá lejú. "Màmá, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Olè tó gbé kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ wá. Iṣẹ́ tí ò sí, ò sí."

Lọ́sàn-án, inspẹ́kítọ̀ kó gbogbo wọn jọ síwájú kọ̀ǹpútà àká.

"Kálukú yín, ẹ fi iṣẹ́ yín àtijọ́ hàn mí."

Bàbá fi tiẹ̀ hàn. Oníwàádìí ilẹ̀ ṣí tiẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó kan igbákejì ọ̀gá.

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀. Kò ní láárí."

"Kò ní láárí kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pẹ́pẹ́yẹ búra fún mi láàárọ̀?"

"Ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí."

"Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn tó kù." Inspẹ́kítọ̀ fúnra ẹ̀ tẹ "pẹ́pẹ́yẹ". Kò rí nǹkan kan, àmọ́ àkójọ dá a lóhùn pé kó lo "ẹyẹ omi ọ̀sìn". Ó pe ìyá yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀ sì tò wálẹ̀. Lábẹ́ "àrùn ẹyẹ omi ọ̀sìn", orúkọ igbákejì ọ̀gá ló wà lára gbogbo iṣẹ́, àfi ọ̀kan: "Oúnjẹ Pẹ́pẹ́yẹ Adágún", orúkọ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ló wà lára ẹ̀. Ó ṣí i.

"Iṣẹ́ mi rè é!" Obìnrin oníwàádìí fò sókè. "Kànga ilé ìwé! Òjé! Ẹ wò ó!" Ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta lè fi síbẹ̀!" Igbákejì ọ̀gá ti ń làágùn.

"Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tó fi ń bẹ̀rù pé a máa ṣí i? Ẹ ò lè pa á rẹ́, lẹ bá pààrọ̀ aṣọ fún un. Ẹ̀rọ ní ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, ojú ń kán yín, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ mọ̀ jù. Ẹ rò pé kò sẹ́ni tó máa wá òjé dé ọ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó fi pẹ́pẹ́yẹ yangàn láàárọ̀, tó wá sẹ́ ẹ lọ́sàn-án, mo mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ó yá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín dà?"

Kọ̀ǹpútà wà nínú búùtù, wọ́n fi aṣọ òjò wé e.

"Àbúrò ìyàwó mi ló gbẹ́ kànga náà," ni igbákejì ọ̀gá wí, kò lè gbójú sókè. "Ìyàwó mi ní bí mo bá jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ bàjẹ́, kí n má wọlé mọ́."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ọ̀gá," ni bàbá sọ, ó sì ká a lára gan-an.

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ti kànga náà pa. Bàbá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ṣí àká fún obìnrin oníwàádìí, ó dá àkọlé àti orúkọ ẹ̀ padà sára iṣẹ́ ẹ̀, ó sì mú àwọn ọ̀rọ̀ tó tọ́ nínú àkójọ: òjé, omi mímu, ìlera ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, inspẹ́kítọ̀ wá gba ìwé ẹ̀rí tó kù, ó sì bá obìnrin oníwàádìí lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì kan ló ń pè láti ìlú míì. Inú rírun àwọn ọmọ ilé ìwé wọn ti sú u, ó wá tẹ "ìlera ọmọdé" sínú àká, iṣẹ́ yìí sì jáde. Ó ní àwọn náà ní kànga tuntun, ẹni tó gbẹ́ tibí náà ló sì gbẹ́ ẹ.

"Ẹ tì í pa, ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin oníwàádìí ń wí, ó ti ń fi ọwọ́ kejì wá báàgì ẹ̀. "Mò ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Jẹ́ ká jọ lọ," ni Màmá Kí-ló-dé wí.