Oníbéèrè Ṣọ́ Ọmọ Inú Màmá

Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé. Láàárọ̀ ìbéèrè, lálẹ́ ìbéèrè.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n Oníbéèrè kì í dúró gbọ́ èsì.

Lọ́jọ́ kan, agbẹ̀bí wá wo Màmá. Ikùn Màmá ti rí róbótó.

"Àwọn kòkòrò tíntín kan wà lára yín," ni agbẹ̀bí wí. "Ojú lásán ò lè rí wọn."

Àyà Oníbéèrè já. "Ṣé wọ́n máa mú àbúrò mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Kó, kó, kó. Bàbá dé.

"Ẹ padà!" Pàà! Ìgbálẹ̀ na ilẹ̀.

"Ṣé kòkòrò lèmi náà ni?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Ẹ padà."

Ológbò dé. "Míàù."

"Ìwọ náà, padà!" Pàà! Pàà!

Màmá ò lè sùn. Ọmọ inú ń yí síwá, ó ń yí sẹ́yìn.

"Ẹ̀ṣọ́ mi, wá," ni Màmá wí.

Oníbéèrè wọlé. Agbẹ̀bí tó ṣì wà lọ́dọ̀ Màmá fà á mọ́ra. "Màmá ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tiwọn nínú ara. Wọn kì í sùn."

"Ṣé gbogbo kòkòrò ni wọ́n ń lé?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Oníbéèrè dúró.

"Rárá o. Èyí tó bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa wò ó. Èyí tó bá fẹ́ wọlé tọ ọmọ lọ ni wọ́n ń mú."

"Pàà?"

"Wẹ́rẹ́ ni. Bí ìjà bá pọ̀ jù, ọmọ lè jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí agbára wọn ò bá ká a, èmi á fi oògùn ràn wọ́n lọ́wọ́."

Oníbéèrè ronú títí. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, jẹ́jẹ́.

Ológbò tún dé. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Oníbéèrè ń wò ó.

Bàbá dé, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀.

"Ṣíì," ni Oníbéèrè wí. "Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wọlé."

Màmá sùn lọ.

Oníbéèrè gbé ọwọ́ lé ikùn Màmá. "Àbúrò mi, ṣé o ti sùn?"

Ó dúró. Ó dúró. Kò sí èsì. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àbúrò dé. Oníbéèrè gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Wáàà!"

Èsì dé! Kò sì sí ẹni tó ní kí ọmọ náà dákẹ́.