Ta Ní Ń Jókòó Níwájú Ilé Yín?

Iyán ni ó wà lẹ́yìn ọ̀kadà Adéníran lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ fojú kan Ayọ̀níkẹ́, iyán náà sì ń tutù lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì. Ọmọbìnrin náà dúró lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù pe èèyàn, ó na okùn fóònù gba ojú fèrèsé jáde, ó ń pariwo sí ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Omi ń kán sórí ṣùkú tí ó dì, kò tilẹ̀ kà á sí. Àfi bíi pé òun ni ó pàṣẹ fún òjò pé kí ó dá.

Níran gbàgbé iyán. Kí ọmọ Èkìtì gbàgbé iyán! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Èmi Ìyá Mojísọ́lá ni mo ń sọ ọ́. Ilé mi ní àdúgbò Fájuyì ni Níran háyà yàrá sí. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí n kò sí. Mo béèrè ni. Ẹni bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, èmi kò sì ṣìnà rí níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, sìstá,” ni Níran wí, “mò ń wá nọ́ńbà mẹ́rìnlá ní Òkè-Ìlá.”

“Nọ́ńbà wo? Ta ní kọ nọ́ńbà sára ilé ní Adó? Àbí o rò pé Èkó lo wà?”

“Ìyáàfin kan ní ọ́fíìsì ìjọba ló ní kí n gbé iyán lọ sílé fún òun. Ó ti ń tutù. Mo ti yí Òkè-Ìlá po títí, ajá ibẹ̀ ti mọ̀ mí.”

Ayọ̀níkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ìyáàfin náà sí, ó pè é. “Mà, ẹ má bínú o. Ta ní ń jókòó níwájú ilé yín?”

Ìyáàfin náà ní bàbá kan tí ń tún agboòrùn ṣe ni, ajá pupa kan a sì máa sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“O gbọ́?” ni Ayọ̀níkẹ́ wí. “Wá bàbá alágboòrùn. Bí ajá pupa bá gbó ọ, o ti dé nìyẹn.”

Ajá gbó o. Nígbà tí wọ́n ṣí kúlà, èéfín ṣì ń rú lójú iyán. Níran padà sí Adébáyọ̀ kíákíá, ó sanwó ìpè kan fún Ayọ̀níkẹ́.

“Ta lo fẹ́ pè?”

“N kò mọ ẹnikẹ́ni tó ní fóònù.”

“Kí lo wá sanwó sí, ọmọkùnrin yìí?”

“Kí n lè dúró níbí ni.”

Ayọ̀níkẹ́ yíjú sí ògiri kí Níran má bàa rí i bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó rí i.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà náà. Adó kún fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Àkúrẹ́, fóònù wà lórí tábìlì wọn, ìyàwó kò sí nítòsí. Wọn a máa pe Ayọ̀níkẹ́, yóò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, Níran yóò sì ti gbéra. Wọ́n sọ iṣẹ́ náà ní Kò-Tíì-Tutù. Láti orí iyán, ó di ọṣẹ, ó di bàtà, ó di oúnjẹ ọmọ, ó di aṣọ tí télọ̀ rán tán. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń tẹ ojú fóònù, ẹrù ń dé, wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní Adó, ẹnu la fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi fúnra mi kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo lọ sí ilé aládùúgbò mi tí ó ní fóònù, mo pariwo sínú rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọṣẹ wá fún mi. Kí n tó rìn dé ilé, ọṣẹ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo yanu, n kò lè pa á dé. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Áńgẹ́lì nìkan ni mo gbọ́ rí pé ó ń jẹ́ iṣẹ́ báyẹn.

Àṣé kì í ṣe eré ni wọ́n ń sá. Ayọ̀níkẹ́ ni ó ní, “Níran, àwọn àgbà tí ń jókòó níwájú ilé wọ̀nyí, wọn kì í lọ ibì kankan. Kí ló dé tí a kò fi ẹrù díẹ̀ sọ́dọ̀ wọn?” Bẹ́ẹ̀ ni ọjà ṣe wà káàkiri Adó kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá pè, ọ̀dọ̀ arúgbó tí ó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n ti ń gbé e. Àwa tí àwọn ọmọ wa rò pé a kò wúlò mọ́, a di igi lẹ́yìn ọgbà iṣẹ́ tuntun.

Pálọ̀ mi di sítóò. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìdí lé páálí kan, mo rò pé tìmùtìmù ni. Ife tanganran ni ó wà níbẹ̀. Ariwo tí ó jáde lábẹ́ mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀ mí pé kí n má jẹ ẹ̀wà lálẹ́ mọ́.

Níran sáré wọlé. “Ìyá! Ṣé ẹ ò fara pa?”

“Ìdí yìí?” ni mo dáhùn. “Àwọn ife ni kí o kí kú ewu.”

Kí ọyẹ́ tó dé, Níran ti ní ọmọ iṣẹ́ tí ń gun maṣíìnì, pátákó orúkọ iṣẹ́ náà sì ti wà ní Adébáyọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Ayọ̀níkẹ́ jókòó lábẹ́ igi ní Fájuyì, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun.

“Ayọ̀ mi.”

“Ayọ̀ ta ni?”

“Ayọ̀ mi ni mo pè é. Mo fẹ́ wá rí bàbá rẹ ní ìlú Ìyìn.”

Ayọ̀níkẹ́ kò jẹ àgbàdo mọ́. “Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Olúyẹmí. Maṣíìnì ni ó pa á, ní kọ́nà tí ó wà lápá ọ̀tún ilé wa. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti gbé àga síta, wọ́n kọjú sí títì. Wọ́n ti búra pé ẹni tí ń gun maṣíìnì kò ní fẹ́ ọmọ àwọn. Èmi nìkan ni mo sì ṣẹ́ kù.”

“Màá tà á.”

“Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ wá jẹ kí ni? Níran, ìwọ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi kò bá gbé ọwọ́ lé mi lórí, n kò ní lọ ilé ọkọ. Wọ́n ti pàdánù ọmọ kan. Èmi kọ́ ló máa jẹ́ ìkejì.”

Níran gbéra lọ sí Ìyìn. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín. Bàbá Akínbọ́lá wà lórí àga rẹ̀, arúgbó gíga tí ó ti ṣe katikíìsì rí nínú ìjọ Àgùdà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà ní ọwọ́ rẹ̀.

“Wọ́n ní o mọ ọmọ mi. Kí ni iṣẹ́ rẹ?”

Ì bá rọrùn kí Níran ní òun ń tajà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó wo àga náà, ó wo kọ́nà. “Maṣíìnì ni mo ń gùn, Bàbá.”

Arúgbó náà wo bàtà rẹ̀ tí eruku bò. “Ẹsẹ̀ lo sì fi rìn wá.”

“Mo gbọ́ nípa Bùrọ̀dá Olúyẹmí, sà.”

“O ṣé. Ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ ni ọ́. Máa lọ ulé.”

Ó parí síbẹ̀. Àwẹ̀ Lẹ́ńtì wọlé, Ayọ̀níkẹ́ kò wo ojú Níran mọ́. “Òkè-Ìlá, bàbá alágboòrùn,” ni gbogbo ohun tí ó ń bá a sọ. Níran kò jẹun. Èmi tí mo ń se ọbẹ̀ fún un, èmi náà ni mo ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe sanra, ìfẹ́ wọn ni ó fà á.

Ìgbà yẹn ni àwọn ará Ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ẹnikẹ́ni tí Ayọ̀níkẹ́ bá sì bi ní ìbéèrè rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: “Ẹ wá Bàbá Akínbọ́lá tí ń jókòó kọjú sí títì. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ẹ̀yìn kọ́nà ni a wà.” Bàbá tí kò fẹ́ rí maṣíìnì sójú ni ó wá di àmì ọ̀nà fún gbogbo maṣíìnì.

Níran pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ. “Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn, kí ó pa maṣíìnì, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ó fi ọwọ́ ti maṣíìnì títí yóò fi kọjá kọ́nà.”

Adéyẹyè, ọkùnrin kúkúrú tí ó ṣe gìdìgbà, họrí. “Ọ̀gá, ọjà kò ní tutù báyìí?”

“Kí ó tutù,” ni Níran wí.

Ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kò-Tíì-Tutù ni ó la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀.

Jálẹ̀ Lẹ́ńtì ni Bàbá Akínbọ́lá ń rí wọn. Òógùn á bò wọ́n, wọn á dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, wọn á ti maṣíìnì kọjá bí ẹni tí ń rìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé epo ló tán. Nígbà tí ó ṣe, ó pe Adéyẹyè.

“Ìwọ, kí ló ń ṣe maṣíìnì yín tí ó ń kú níwájú ulé mi?”

“Kò kú, Bàbá. Ọ̀gá wa, Níran, ní títì yìí ti gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbé ariwo rẹ̀ kọjá níwájú yín.”

“Àwọn tí wọ́n ń dúró de ẹrù ń kọ́?”

“Wọ́n ń dúró, Bàbá. Àwọn náà mọ Olúyẹmí.”

Bàbá yíjú sí kọ́nà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, òun wo kọ́nà náà, òun kò gbọ́ ìró maṣíìnì tí ó pa Olúyẹmí mọ́.

Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé Àjíǹde, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń jẹ ẹ̀pà. Fóònù dún.

“Kò-Tíì-Tutù, ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ fẹ́ kí á gbé wá?”

Ẹni tí ó pè kò mọ fóònù í lò. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì. “Ọkùnrin kan!”

“Ẹ̀n?”

“Ọkùnrin kan ni kí ẹ gbé wá! Èyí tí ó fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ mi ṣáájú àwẹ̀.”

Ẹ̀pà há mi lọ́fun. Ayọ̀níkẹ́ mọ ohùn náà. Ohun tí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni ó sọ jáde. “Ta… ta ní ń jókòó níwájú ilé yín, sà?”

 Ohùn náà wá rọ̀.

“Èmi ni, ọmọ mi. Mo ti jókòó tó. Mo fẹ́ dìde.” Ó tún pariwo: “Sọ fún un kí ó má sáré o!”

Ayọ̀níkẹ́ kò rántí gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa. Ó jáde síta níbi tí Níran ti ń di ẹrù.

“Níran. Ẹrù kan wà fún Ìyìn.”

Níran kò gbójú sókè. “Kí ni?”

“Ìwọ ni.”

Ayọ̀níkẹ́ gun ẹ̀yìn Níran, èmi gun ẹ̀yìn Adéyẹyè. Táyà rẹ̀ sọkún títí a fi dé Ìyìn. Níran pa maṣíìnì lókèèrè, ó tì í dé ibẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀. Àga ṣófo. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá ọjọ́ Ìsinmi.

“Dìde. Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ọ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Àgùdà ni àwa. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni Fádà yóò fi ké orúkọ yín síta kí ó tó so yín pọ̀. Ìyẹn kò ṣeé kánjú.”

“Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, Bàbá.”

Bàbá gbé ọwọ́ kan lé Ayọ̀níkẹ́ lórí, ó gbé ìkejì lé Níran. Ẹ̀yìn náà ni ó rìn lọ sí ìdí maṣíìnì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tí ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ká agbádá, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí á lọ bá Fádà.”

Gbogbo ẹni tí ó wà ní àdúgbò dúró.  Mo ti rí kí ẹnu èèyàn pe ọṣẹ wá sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n irú èyí, ojú mi kò rí i rí.

Níran ń wa maṣíìnì náà bí ẹni tí ó gbé ẹyin. Ayọ̀níkẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá kan tí ó ru igi ìdáná kọjá wọn, ó kí wọn. Ewúrẹ́ kan kọjá wọn, òun kò kí wọn. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, Bàbá di ẹ̀wù Níran mú, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Wọ́n kọjá. Ó la ojú, ó sì dẹ ọwọ́.

“Níran.”

“Sà?”

“Mú un yá díẹ̀, ọmọ mi. Ṣé ewúrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Fádà ni?”

Maṣíìnì dún. Ayọ̀níkẹ́ ká ìró sókè, ó ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.