Kóró Dàbínù Lórí Bèèsì Kẹta

Kóró dàbínù tó wà lórí páálí eré náà tutù. Morufat fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Kì í ṣe pé omi ta sí i. Ó ń yọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, bí ohun tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ tu jáde lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Rumaysa ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó jẹ dàbínù nínú ilé náà. Morufat fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ dànù.

"Bàbá Rumaysa, ta ló fi ẹnu kan kóró yìí?"

Lateef kò gbójú sókè. "Ó ti dé bèèsì kẹta," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà ní mọ́sálásí. "Ó kù díẹ̀ kó yí i po."

Eré bésíbọ́ọ̀lù orí káàdì ni. Òyìnbó kan tóun àti Lateef jọ ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ní Jeddah ló fi àpótí káàdì náà ta á lọ́rẹ nígbà tó ń relé. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá àti ọmọ á da dáìsì, wọ́n á wo nọ́ńbà, nọ́ńbà ni yóò sọ bóyá onítọ̀hún rí bọ́ọ̀lù gbá tàbí kò rí i gbá. Ẹni tó bá gbá a á sáré láti bèèsì kan, ìyẹn ibùdúró, dé òmíràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yí sí, bí a ti ń yí Káábà. Kóró dàbínù ló dúró fún ẹni tó ń sáré. Rumaysa ló dá a sílẹ̀: á jẹ dàbínù tán, á tu kóró rẹ̀, á gbé e kalẹ̀ tòun titọ́. Wọ́n pín káàdì sí ẹgbẹ́ Jeddah, ẹgbẹ́ Mẹ́kà àti ẹgbẹ́ Bahra, ìlú tó wà láàárín méjèèjì, wọ́n ń bára wọn díje láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ọmọ náà tiẹ̀ lẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ mọ́ káàdì kan. Ẹgbẹ́ Bahra ló fi ara rẹ̀ sí, torí pé àwọn ni wọ́n máa ń gbẹ̀yìn, àánú wọn sì ń ṣe é.

Ojú ọ̀nà Bahra náà ni ọkọ̀ ti kọlù wọ́n, bí wọ́n ti ń lọ ṣe úmúrà. Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí. Wọn kò jẹ́ kí obìnrin wọ itẹ́ òkú. Ìyá tó lóyún ọmọ, tó rọbí rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ní kó dúró sí bí ẹni tó wá ṣagbe, tí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí sì gbé ọmọ wọlé. Òkúta lásán ló wà lórí sàréè rẹ̀, kò sórúkọ. Kí ló wá kù tí ìyá lè dì mú? Káàdì yẹn náà ni.

Lateef kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Bó bá ti kírun Ásírì tán, á jókòó ti páálí. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn, bọ́ nìyẹn. Wọ́n á kó àwọn méjèèjì padà sílé, ọmọ á ku òun nìkan nínú iyanrìn ibẹ̀.

"Àlàájà, ẹ fara balẹ̀," Fawziyyah, ìyàwó dókítà tó wà lókè wọn, ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Obìnrin ni tèmi ń kó. Káàdì ni tiyín ń kó. Èwo ló sàn?"



Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ṣì mú lójú fèrèsé, Lateef ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ni dáìsì dún lórí tábìlì. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ohùn kékeré kan wá láti abẹ́ tábìlì náà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màámi. Ẹ kú iṣẹ́ ilé."

Rumaysa kì í sọ Yorùbá. Jeddah ni wọ́n bí i sí, Lárúbáwá ló sì fi ń dáhùn. Bí ìyá bá pè é wá jẹun, á ní, "Lissa, ya mama," pé eré òun kò tíì tán. Ìyá á bú mọ́ ọn: "Ṣé èmi ni mo bí ọ ni, àbí àwọn Lárúbáwá? Yorùbá ni kó o fi dá mi lóhùn!" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tún ní, "Lissa."

Ohun yòówù tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn, kì í ṣe ọmọ òun.

Lateef sáré jáde, omi ń ro ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Ìyá Rumaysa, dúró, ó ní ohun tí mo..."

"Ẹ má sọ nǹkan kan! Àlùjọ̀nnú lẹ̀ ń bá ṣeré. Ẹ ò rí bẹ́ ẹ ṣe rù ni?"

Ó ti mú káàdì ọmọ rẹ̀ dání, ó ń ka Áyátù Kúrísíyù láti fi lé àlùjọ̀nnú náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, màámi," ohùn náà wí. "Ẹ má ya mí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Ó fà á ya, láàárín ojú méjèèjì.

Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń kùn. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré:

"Lissa, ya mama."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Lateef jókòó sí.

"Èmi ni mo kọ́ Rumaysa," ló wí.

"Kí lẹ kọ́ ọ?"

"Yorùbá. Ìdí eré yìí la ti ń ṣe é. Bèèsì kan, ìkíni kan. Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé ọjọ́ Iléyá lòun máa fi kí ọ. Ẹ kú iṣẹ́ ilé ló kọ́ gbẹ̀yìn, ní bèèsì kẹta, a dẹ̀ gba ọ̀nà Bahra."

Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ káàdì náà. Lateef padà síbi iṣẹ́, ìkámà kò bọ́. Fawziyyah ní Àlàájà gbìyànjú, pé obìnrin bíi ọkùnrin ni.

Bí wọ́n bá ti kírun Ásírì tán báyìí, Morufat ló ń jókòó ti páálí. Obìnrin tó ti búra pé Lárúbáwá kò ní í ti ẹnu òun jáde nínú ilé òun, òun ló ń fi èyí tó wọ́ lẹ́nu rẹ̀ bẹ abẹ́ tábìlì: "Taali, ya binti. Taali." Kí ọmọ òun máa bọ̀ ni. Á da dáìsì, á dúró. Lẹ́yìn náà á na ìka sí kóró dàbínù tó wà lórí bèèsì kẹta.

Ó ti gbẹ.